Àwo Orin tí Utrecht àti North Carolina Jọ Bí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ The Foreign Exchange

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ BBE ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo orin kan jáde tí wọ́n pè ní Connected. Ẹgbẹ́ olórin tó ni àwo náà ń jẹ́ The Foreign Exchange, ẹni méjì péré ló sì wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún. Ọ̀kan ń gbé nílùú Utrecht lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, èkejì ń gbé ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ títí di ìgbà tí wọ́n parí èyí tó kẹ́yìn, wọn kò fojú kan ara wọn rí. Ẹni tó wà ní Utrecht a to ìlù, a tẹ dúrù sí i, a sì fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà a kọ ọ̀rọ̀ sí i, a gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, a sì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni odindi àwo orin kan ṣe wáyé.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú Ìbàdàn ni pípa ohùn àti ìlù pọ̀ fún àwọn olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn, tó jẹ́ pé owó àpò wọn ni wọ́n fi ń ṣe orin. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹnìkan lókè òkun tí wọ́n fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bóyá orin tí olórin méjì kò jọ jókòó ṣe lè ní ẹ̀mí. Ìtàn àwo yìí ni mo máa ń sọ fún wọn. Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè fi ẹnu lu àwọn ìlù inú rẹ̀, mo sì ti ro bí wọ́n ṣe ṣe é síwá sẹ́yìn. Ohun tó dá mi lójú ni pé etí kan náà tí àwọn méjèèjì fi ń gbọ́ orin kí wọ́n tó mọ ara wọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ló gbé àwo náà dúró. Wáyà tí fáìlì gbà kọjá kò ju ojú ọ̀nà lọ.

Orúkọ tí wọ́n sọ ẹni tó wà ní Utrecht ni Matthijs Rook, ṣùgbọ́n Nicolay ni àwọn olólùfẹ́ orin mọ̀ ọ́n sí. Ó mọ dúrù tẹ̀, ó mọ gìtá ta, ó sì mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà to ìlù, nítorí náà ó lè dá ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń ṣe. Ẹnìkejì rẹ̀, Phonte Coleman, jẹ́ akọrin tàkasúfèé. Òun, Big Pooh àti 9th Wonder ló dá ẹgbẹ́ Little Brother sílẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé ní yunifásítì North Carolina Central nílùú Durham, wọ́n sì gbé àwo àkọ́kọ́ wọn, The Listening, jáde ní 2003. Ẹni tó ti ní ẹgbẹ́ ni Phonte nígbà náà, ó ti ní ẹni tó ń ṣe ìlù fún un, àwọn èèyàn sì ti ń dárúkọ rẹ̀. Kò sí ọ̀ranyàn tó lè gbé e lọ wá onílù dé Nẹ́dálándì. Ìdí nìyẹn tí ohun tó tẹ̀ lé e fi wú mi lórí.

Ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Okayplayer. Questlove, onílù ẹgbẹ́ The Roots, àti òǹkọ̀wé Angela Nissel ló dá a sílẹ̀ ní 1999, ó sì di ibi tí àwọn tó fẹ́ràn tàkasúfèé àti orin sóòlù, orin ìmọ̀lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń jiyàn lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, tí ẹni tó bá ní ohun tó ṣe fúnra rẹ̀ ti ń pàtẹ rẹ̀. Nicolay ń gbé ìlù tó tò síbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń pè ní bíìtì. Phonte gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì tọrọ ààyè láti kọrin sí i. Orin tó ti inú rẹ̀ jáde ni “Light It Up”, ẹ̀yìn rẹ́kọ́ọ̀dù “Whatever You Say” ti Little Brother ni wọ́n sì fi í sí. Kò sí ẹni tó sọ pé àwọn fẹ́ ṣe àwo orin lọ́jọ́ náà. Orin kan bí òmíràn, títí orin fi pé iye tó lè di àwo.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ti íméèlì àti fáìlì. Àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ irú rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà fún ọdún púpọ̀. Nínú irú orin tí wọ́n ń gbọ́ yìí, ìlù a máa fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń rìn kánkán. J Dilla, ọmọ Detroit tó ń to ìlù fún àwọn akọrin tàkasúfèé, ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi irú ìlù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí akọrin tí kò bá àṣà náà dàgbà, yóò kọ̀wé padà pé ìlù náà ti yẹ̀, kí wọ́n tún un tò. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún Phonte. Ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ìlù náà máa balẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí àwọn méjì tí kò mọ ara wọn ì bá máa kọ ránṣẹ́ síra wọn ni wọ́n ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀, nígbà tí agogo mẹ́wàá alẹ́ bá lù ní Utrecht, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń lù ní North Carolina. Wákàtí mẹ́fà wà láàárín wọn. Íméèlì àti ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ojú-ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fi orin ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nígbà náà, kó bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ìṣẹ́jú kan orin tó mọ́ketekete bíi ti orí síídì máa ń gba mẹ́gábáìtì mẹ́wàá àti díẹ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin á gbà ju ogójì mẹ́gábáìtì lọ. Bí ẹnìkan bá ń lo ẹ̀rọ tó ń gba ìlà tẹlifóònù kọjá, èyí tó yára jù nínú wọn ń gbé kílóbíìtì 56 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bíìtì ti kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló ń di báìtì kan), orin kan ṣoṣo yẹn á gba wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú bí ìlà kò bá já rárá, bẹ́ẹ̀ ìlà a sì máa já. Ìdí nìyí tí MP3 fi gba ìgboro: ó fún orin náà pọ̀ títí tó fi kù bíi mẹ́gábáìtì mẹ́rin, tí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá á gbé e dé. Àṣà àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí nígbà náà ni pé kí onílù fi MP3 ránṣẹ́ kí akọrin lè rí nǹkan kọrin lé lórí, kí akọrin sì dá ohùn nìkan padà ní odindi rẹ̀, láìfún un pọ̀, nítorí ohùn náà ló máa wà nínú iṣẹ́ àṣeparí.

Kí ohùn yẹn tó bá ìlù mu, ó ní ohun méjì tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo fáìlì bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà: bí akọrin kò bá tilẹ̀ la ẹnu títí orin fi wọ ìṣẹ́jú kejì, kó fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì yẹn sí iwájú fáìlì rẹ̀, kí ẹni tó gbà á má bàa máa wá ibi tó yẹ kó gbé e sí. Èkejì ni iye ìgbà tí ìlù ń dún ní ìṣẹ́jú kan. Bí akọrin bá kọrin sí ìlù tó ń dún lẹ́ẹ̀mejìléláàádọ́rùn-ún, tí onílù sì tún ìlù náà tò ní ẹ̀ẹ̀mẹtàléláàádọ́rùn-ún, etí lè má tètè mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí orin ìṣẹ́jú mẹ́rin bá fi ń parí, ohùn àti ìlù á ti fi ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ yà sọ́tọ̀. Mo ti rí orin tó dára tí irú èyí bà jẹ́, tí àwọn méjèèjì sì ń di ẹ̀bi ru ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn kò kàn pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n jọ ṣeré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tó wà láàárín Utrecht àti North Carolina ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kìlómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú okùn gíláàsì ń lọ ní nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, bí okùn náà bá tilẹ̀ tọ́ gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà ọ̀kan dé ẹnu ọ̀nà èkejì, ohùn á ti pẹ́ tó ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dé, ká má tíì ka gbogbo ibi tó ti máa yà lójú ọ̀nà. Lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, èyí kò tó nǹkan. Lójú onílù, ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń lu dùndún mọ̀ pé bí gúdúgúdú bá fi bí ìṣẹ́jú kí ojú ṣẹ́ pẹ́ ju ìyáàlù lọ, ẹsẹ̀ oníjó á ti dàrú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé wọ́n fi ìṣeré pọ̀ sílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì gba ìdúró. Ìdúró yẹn ní èrè tirẹ̀. Ẹni tó jókòó ti ohùn ara rẹ̀ lóru, tí kò sí ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì sítúdíò, lè gba ẹsẹ orin kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó da mẹ́sàn-án nù, kí ẹnìkejì rẹ̀ má sì gbọ́ ju èyí tó dára jù lọ.

Èmi náà ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí etí kan náà kò bá sí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, olórin kan tó ń gbé lókè òkun ní kí n bá òun gba gángan sílẹ̀ fún orin rẹ̀. Mo lọ bá bàbá onílù kan ní Ìbàdàn níhìn-ín, àgbà tó ti fi ìlù sọ̀rọ̀ láti kékeré, wọ́n sì fi gángan ki ìdílé olórin náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìtún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi fáìlì náà ránṣẹ́. Nígbà tí orin náà padà dé, mo gbé e lọ sí ilé bàbá, mo fi ẹ̀rọ sí etí wọn. Wọ́n tẹ́tí títí, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ni wọ́n ṣe fún ìlù mi tó fi ń kólòlò?” Ẹni tó pa orin náà pọ̀ lọ́hùn-ún ti gba gángan náà kọjá nínú ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn tó yà ṣe, ètò náà sì ti fa gbogbo ohùn ìlù sórí àwọn ohùn dúrù. Ohun tó kà sí ohùn tó yà ni àmì ohùn èdè Yorùbá tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti wọ́nú ara wọn; oríkì ti di ariwo tó dùn. Mo bẹ bàbá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” nítorí mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹni yẹn kò gbọ́ Yorùbá, n kò sì kọ ohunkóhun mọ́ fáìlì náà láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ Connected pẹ̀lú etí mìíràn. Nínú orin bíi “Nic's Groove”, ohun tí mo ń gbọ́ ni ìlù tó fi ààyè sílẹ̀ fún ohùn, tí kò di gbogbo ojú orin pa. Nicolay kò kọ ọ̀rọ̀ fún Phonte, Phonte náà kò to ìlù fún Nicolay. Apá tí olúkúlùkù mú, odindi ló mú un, ó sì parí rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Lójú tèmi, èyí sàn ju ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń ṣe lọ, tó jẹ́ pé ìlù ààbọ̀ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé “bá mi wò ó bóyá o lè fi nǹkan kún un”. Ẹni tó wà lókè òkun kò lè rí ojú ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kò lè mọ ibi tí ó fẹ́ kí òun fọwọ́ kàn, ibi tí kò sì fẹ́. Yóò fi fáìlì náà sílẹ̀ títí yóò fi gbàgbé rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe ohùn méjì péré ló wà nínú àwo náà. Darien Brockington, Yahzarah, Median àti Joe Scudda wà lára àwọn tó kọrin níbẹ̀, olórin tó yí Phonte ká ní North Carolina sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí náà, èrò pọ̀ ní ẹ̀bá kan òkun, ẹnìkan ṣoṣo ló wà ní ẹ̀bá kejì. Phonte ló mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ìlù wo mu, òun ló sì ń kó wọn jọ, bí alága ìdúró tó ń pe àwọn ẹbí síwájú. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn a máa dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà tún wù mí. Pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ohun tí gbogbo wa mọ̀ dunjú nílẹ̀ yìí. Nínú pàṣípààrọ̀, ohun tí a fà kalẹ̀ kì í jọ ohun tí a gbà, ṣùgbọ́n ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà pé wọ́n dọ́gba. Ìlù láti Utrecht, ọ̀rọ̀ láti North Carolina: kò sí ẹni tó ṣe ọ̀gá èkejì.

Lẹ́yìn àwo yìí, Nicolay kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀dó sí Wilmington, ní ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Phonte. Nígbà tí àwo wọn kejì, Leave It All Behind, jáde ní 2008, ẹnu ya àwọn kan nítorí pé tàkasúfèé ni wọ́n ń retí, orin sóòlù tí wọ́n ń fi ohùn kọ ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Ìgboyà ńlá nìyẹn jẹ́ fún olórin tó dá dúró, tí kò ní ju àwọn olùgbọ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ láti gbára lé. Orin kan nínú rẹ̀, “Daykeeper”, tí Muhsinah bá wọn kọ, wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti du àmì-ẹ̀yẹ Grammy tí wọ́n pín ní 2010. India.Arie àti Dobet Gnahoré, ọmọ Côte d'Ivoire, ló gba ẹ̀bùn ẹ̀ka náà pẹ̀lú “Pearls”, inú mi sì dùn sí àwọn méjèèjì. Nicolay àti Phonte dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì gbé àwo mìíràn jáde ní 2010, 2013 àti 2015; olórin kan láti Detroit tó ń jẹ́ Zo! sì dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Nicolay kò sì fi ọ̀nà jíjìn sílẹ̀, nítorí ní 2008 yẹn kan náà ni òun àti Kay, akọrin tàkasúfèé láti Houston, gbé Time:Line jáde.

Ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àjọṣe ti sábà máa ń fọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Orin kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ méjì nínú: ẹ̀tọ́ ẹni tó hun orin náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ohun tí a gbà sílẹ̀ gan-an. Owó méjèèjì kì í gba ọ̀nà kan náà wọlé. Bí ẹni tó wà ní Ìbàdàn bá lu ìlù, tí ẹni tó wà ní Manchester kọ ọ̀rọ̀, tí ẹnìkẹta sì sanwó sítúdíò, ìbéèrè mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ kí orin tó jáde, kò sì sí èyí tí ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ lè dáhùn fún wọn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ṣí fáìlì kankan mọ́ títí wọn á fi kọ ìwé ojú kan fún mi, níbi tí orúkọ kálukú, ohun tó ṣe àti ìdá tó kàn án wà. Àwọn kan ti bínú kúrò nítorí rẹ̀. Àwọn tó dúró kò tíì pe ara wọn lẹ́jọ́.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, mo ń bá ọ̀dọ́kùnrin kan ní Òṣogbo àti ọ̀dọ́bìnrin kan ní Manchester ṣe àwo tó ní orin mẹ́jọ. Wọn kò tíì rí ara wọn. Bàbá onílù ọjọ́sí ló lu gángan sí méjì nínú àwọn orin náà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí gángan náà ń sọ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn lórí, ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ mọ́ fáìlì. Lánàá ni ọ̀dọ́bìnrin náà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó sì dá a padà. Ní ìṣẹ́jú kejì orin náà, níbi tí ìlù ti pe orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà, ó dákẹ́, ó jẹ́ kí ìlù sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ló tó dá a lóhùn.